Ọmọ ata rodo àti tòmátì mi ti fún pọ̀: inú kí ni kí n ṣí wọn sí, ìgbà wo sì ni?

Àdùkẹ́_Akóbọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ìbàdàn ni mo wà, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé, n kò ní ilẹ̀ kankan ju bálíkónì kan tí oòrùn máa ń wọ̀ láti àárọ̀ títí di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Mo gbin ata rodo àti tòmátì Roma sínú kéréètì ẹyin, èyí tí wọ́n fi bébà ṣe, àwọn kan sì wà nínú kọ́ọ̀pù ike tí wọ́n fi ń mu sobo. Wọ́n hù dáadáa, ọpẹ́ ni. Wàhálà tó wà níbẹ̀ báyìí ni pé wọ́n ti fún ara wọn pa. Tòmátì ti ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti yọ òdòdó nínú kọ́ọ̀pù. Ata ní tirẹ̀ dúró sójú kan, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n rúsúrúsú.

Ohun tí mo ní nílé: ike ọ̀dà ńlá lítà 20 mẹ́ta, àwọn ike ọ̀dà kékeré lítà 4, àpò ìrẹsì méjì, àti kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 25 kan. Èwo ni kí n lò fún èwo? Ṣé kí n ṣí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ jẹ́ kí n sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ o: Bàbá onílé ti ní òun ò fẹ́ kí omi máa kán sórí mọ́tò òun nísàlẹ̀.

Bàbá_Aláta_Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Má wo kàlẹ́ńdà, ewé ni kí o wò. Ewé méjì tó kọ́kọ́ yọ nígbà tí irúgbìn hù, ìyẹn ò sí nínú ìṣirò, inú kóró ló ti gbé e wá. Èyí tó yọ tẹ̀lé e, tó jọ ewé tòmátì tàbí ewé ata gan-an, òun ni kí o máa kà. Tí tòmátì bá ti ní mẹ́rin sí márùn-ún nínú ìyẹn, ó tó ṣí. Ata, jẹ́ kó ní márùn-ún sí mẹ́fà.

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn tó bá hù ni tòmátì máa ń tó bẹ́ẹ̀. Ata rodo kì í kánjú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, nígbà mìíràn mẹ́jọ, torí kóró rẹ̀ pàápàá máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀ kó tó hù. Ẹ gbin méjèèjì lọ́jọ́ kan, ẹ tún fẹ́ ṣí méjèèjì lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí o ṣe é. Bu omi sí wọn ṣáájú, kí iyẹ̀pẹ̀ lè di mọ́ gbòǹgbò. Má ṣe fa igi rẹ̀ lọ́rùn, ewé ni kí o fi dì í mú. Bí ewé bá já, òmíràn á yọ. Bí igi bá fọ́, ó parí. Tòmátì, gbìn ín jìn. Gbogbo ibi tí ilẹ̀ bá bò lára igi tòmátì ló máa yọ gbòǹgbò. Èyí tó ga tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí o ń dárò yẹn kò tíì bàjẹ́ rárá, ṣáà tẹ́ igi rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ nínú ihò, kí orí rẹ̀ nìkan yọ síta.

Sísì_Sùúrùlérè

Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ Bàbá pé. Èmi náà, orí bálíkónì ni mo ti ń ṣe tèmi ní Èkó, nítorí náà jẹ́ kí n bá ẹ sọ̀rọ̀ ike.

Ike ọ̀dà lítà 20 ló dára jù nínú gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀. Tòmátì kan fún ike kan. Kì í ṣe méjì, kì í ṣe mẹ́ta, kí ojúkòkòrò má mú ẹ. Àpò ìrẹsì dára tí ó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ lo ti ń ṣe é. Lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó máa ń ta omi láti ìhà gbogbo, á sì ya ẹrẹ̀ sórí taìsì. Oòrùn tún máa ń jẹ ẹ́: tó bá ti pẹ́ níta, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ọ̀rá wẹ́wẹ́ yẹn á sì dà pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Bí o bá fẹ́ gbé àpò tí iyẹ̀pẹ̀ tútù kún inú rẹ̀ kúrò lójú kan, o máa nílò ọkùnrin méjì.

Ike lítà 4, má fi tòmátì sínú rẹ̀ tí o bá fẹ́ jẹ tòmátì. Ó máa so o, á so méjì mẹ́ta bíńtín, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lọ́sàn-án gangan lójoojúmọ́ bí o tilẹ̀ bomi rin ín láàárọ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, efinrin, àlùbọ́sà eléwé, àwọn yẹn ni ike lítà 4 wà fún.

Kẹ́ẹ̀gì ni kí o gé. Má gé e láàárín méjì lóròó, gbé e dùbúlẹ̀, kí o gé ẹ̀gbẹ́ kan kúrò. Á fẹ̀, ata rodo méjì á gbà níbẹ̀ tí àyè bá wà láàárín wọn. Kí o sì gbin ata náà jìn bíi tòmátì, á jẹ́ kí ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Bàbá_Aláta_Ògbómọ̀ṣọ́

Sísì, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn, rárá. Ata kì í ṣe tòmátì. Igi ata kì í sáré yọ gbòǹgbò lára bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi iyẹ̀pẹ̀ tútù bo ọrùn rẹ̀ nígbà òjò, ibẹ̀ ló máa ti jẹrà. Bó ṣe jìn tó nínú kọ́ọ̀pù náà ni kó jìn tó nínú ike.

Kẹ́ẹ̀gì tí o ní kó dùbúlẹ̀, báwo ló ṣe máa jìn tó? Ata rodo tí wọ́n bá tọ́jú lè lo ju ọdún kan lọ lórí ìdúró. Igi ni, kì í ṣe ẹ̀fọ́. Fún un ní ibi tí gbòǹgbò lè sọ̀ kalẹ̀ sí.

Sísì_Sùúrùlérè

Ẹ ṣé, Bàbá. Ti ọrùn ata, mo gbà. Ti kẹ́ẹ̀gì, n kò gbà pátápátá o 😄 Tèmi wà níwájú mi báyìí, ó ń so. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ó máa ń yára gbẹ ju ike ọ̀dà lọ.

Ìyá_Nọ́sìrì_Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Irúgbìn ni mò ń tà, ata, tòmátì, òroǹbó, gbogbo ẹ̀. Àdùkẹ́, ohun tí n kò rí kí ẹnikẹ́ni bá ọ sọ ni ti kéréètì ẹyin yẹn. Ojú ihò rẹ̀ kò jìn, bébà sì ń fa omi kúrò lára iyẹ̀pẹ̀. Ó dára fún kóró láti hù, kò dára fún irúgbìn láti gbé. Bí ewé gidi méjì bá ti yọ, ó yẹ kó ti kúrò níbẹ̀. Ata rẹ kò dúró sójú kan nítorí pé ata ni. Ibi tó wà ló há.

Mọ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà. Ṣa á, fọ̀ ọ́, gé orí rẹ̀ kúrò, lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀, kí o di iyẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀. Ó gba ìdá kan nínú méjì lítà, ìyẹn tó fún ata títí tí á fi ní ewé mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ ṣí i, fi abẹ ya ọ̀rá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó odindi iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ lọ sínú ike. Gbòǹgbò ò ní mọ̀ pé òun ti kúrò nílé. Ẹni tó bá ń rà lọ́wọ́ mi, mo máa ń kìlọ̀ fún un pé kó bọ́ ọ̀rá náà kúrò o! Àwọn kan máa ń rì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá, wọ́n á wá máa pè mí lẹ́yìn oṣù méjì pé irúgbìn mi kò dára.

Táíwò_Manchester

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Èmi náà ń gbin ata rodo níhìn-ín, inú ilé ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, torí tí ènìyàn bá dúró de ooru, òtútù á ti padà dé kí ata tó pọ́n. Ọ̀nà tí a ń gbà níhìn-ín yàtọ̀ díẹ̀. A kì í gbé e láti kọ́ọ̀pù kékeré lọ sínú ike ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkòkò sẹ̀ǹtímítà 9 ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lítà 2, lẹ́yìn náà ni lítà 10. Ìdí rẹ̀ ni pé bí irúgbìn kékeré bá wà láàárín iyẹ̀pẹ̀ púpọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ kò lè mu gbogbo omi tó wà níbẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ náà á tutù fún ọjọ́ pípẹ́, afẹ́fẹ́ ò ní wọ̀ ọ́, gbòǹgbò á jẹrà.

Bí mo ṣe ń mọ̀ pé ó tó gbé sókè: mo máa ń fi ìka méjì di ẹnu ìkòkò mú, igi rẹ̀ láàárín wọn, mo dojú ìkòkò kọ ilẹ̀, mo gbá ìdí rẹ̀ díẹ̀. Odindi iyẹ̀pẹ̀ á bọ́ jáde. Tí gbòǹgbò funfun bá ti hàn yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká, tí iyẹ̀pẹ̀ kò sì tú ká, ó tó àkókò nìyẹn. Tí iyẹ̀pẹ̀ bá tú ká, mo dá a padà. Tí gbòǹgbò bá ti ń yí po bí òkùn nísàlẹ̀, tó ti pọ́n, ó ti pẹ́ jù. Nígbà náà mo máa ń fi ọwọ́ tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ kí n tó gbìn ín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa yí po náà lọ nínú ike tuntun.

Ó ku ohun kan: a kò gbọ́dọ̀ gbé e láti inú ilé bọ́ sí ìta lójijì. Ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá la fi ń gbé e jáde fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, a sì ń gbé e wọlé lálẹ́, títí tí á fi mọ afẹ́fẹ́ àti oòrùn lára. Oṣù karùn-ún sì gbọ́dọ̀ ti fẹ́ẹ̀ parí kó tó sùn sí ìta, nítorí yìnyín.

Ìyá_Nọ́sìrì_Ẹ̀pẹ́

Táíwò, ẹ kú òtútù. Ohun tí ẹ sọ jẹ́ òótọ́ fún Manchester. Níhìn-ín, nínú ooru yìí, ta ni iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ń tutù fún ọjọ́ pípẹ́? Tí mo bá bomi rin ike láàárọ̀, ọ̀sán ò ní tíì pọ́n tán tí òkè rẹ̀ á ti gbẹ. Ṣíṣí lẹ́ẹ̀mẹta jẹ́ ìdálóró lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ọ̀rá lọ sínú ike ńlá, ó tán.

Táíwò_Manchester

Mo gbọ́, mà. Àmọ́ Ìbàdàn ní oṣù kẹfà, kẹsàn-án, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ ńkọ́?

Ìyá_Nọ́sìrì_Ẹ̀pẹ́

Ẹ mú mi níbẹ̀ yẹn 😂 Nígbà òjò, àbá yín dára. Tàbí kó gbé ike náà sábẹ́ òrùlé.

Ẹnjiníà_Omi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ihò àti omi, torí Àdùkẹ́ ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ onílé.

Mo mọ̀ pé láìpẹ́ ẹnì kan á sọ pé kó da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ike kí omi lè máa ṣàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kì í kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná bọ́ sínú òkúta àyàfi tí iyẹ̀pẹ̀ náà bá ti mu omi yó pátápátá. Nítorí náà omi á dúró sórí òkúta yẹn gan-an, ibi tí omi dúró sí á wá súnmọ́ gbòǹgbò ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ mú fóòmù tí ẹ fi ń fọ abọ́, ẹ rì í sómi kó yó, ẹ gbé e dùbúlẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́ títí kò fi ní kán mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ nà án dúró lóròó. Ẹ ó rí i pé omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn: ike tó ga máa ń sọ omi nù dáadáa ju èyí tó pẹ̀tẹ́ lọ. Tí ẹ bá da òkúta sínú rẹ̀, ẹ ti sọ ike gíga di ike kúkúrú.

Ihò ló ń ṣiṣẹ́. Ki ìṣó ńlá bọ iná, mú un pẹ̀lú ẹ̀mú, lu ihò mẹ́jọ sí mẹ́wàá sí ìdí ike lítà 20. Fi àkísà nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ihò náà láti inú kí iyẹ̀pẹ̀ má baà máa jò. Ti mọ́tò Bàbá onílé: má lu ìdí ike rárá, ẹ̀gbẹ́ ni kí o lù, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí ìdí, kí o wá gbé ike náà sínú àwo ike tó fẹ̀. Omi díẹ̀ á dúró nísàlẹ̀, gbòǹgbò á rí i mu, èyí tó bá ṣẹ́kù á ṣàn sínú àwo. Máa da omi inú àwo nù kí ẹ̀fọn má baà yé sí i.

Kí o sì ṣírò ìwúwo. Ike lítà 20 tí iyẹ̀pẹ̀ tútù kún lè tó kílò 25 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta kò ní wó bálíkónì tó le, ṣùgbọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, má tò wọ́n sí etí níbi tí irin wà.

Kọ́lá_Táyà

Ọdọọdún lẹ ń sọ̀rọ̀ ike ọ̀dà. Táyà ọkọ̀ tí wọ́n ti pa tì ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ fọkanáísà, kì í fọ́, kì í jẹrà. Méjì léra wọn, ó ti jìn tó.

Sísì_Sùúrùlérè

Kọ́lá, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé! Táyà ò nídìí, iyẹ̀pẹ̀ á jókòó sórí taìsì. Ó tún dúdú, oòrùn ọ̀sán á sè é. Èmi kì í sì í fẹ́ jẹ ohun tó hù nínú táyà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Kọ́lá_Táyà

Mi ò bá ẹ jà. Fún òdòdó ni kó lò ó nígbà náà.

Rẹ̀mí_Houston

Ẹ kú ilé o. Sísì ti fẹnu kan ohun tó yẹ kí a tẹnu mọ́: àwọ̀ ike. Níhìn-ín, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ike dúdú tí oòrùn ọ̀sán ń bá máa ń gbóná débi pé gbòǹgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á jóná. Ewé á máa rọ, ènìyàn á rò pé òǹgbẹ ni, á tún bomi sí i. Ike ọ̀dà funfun lo fi ní orí ire, Àdùkẹ́. Ẹni tó bá ní ọ̀rá dúdú, kó fi àpò ìrẹsì wé e níta tàbí kó tò wọ́n kí ọ̀kan máa ṣíji bo èkejì.

Ọ̀rọ̀ mìíràn: ìtàn ike náà. Ọ̀dà olómi, fọ̀ ọ́ dáadáa, ha gbogbo èyí tó gbẹ mọ́ ọn kúrò. Kẹ́ẹ̀gì òróró jíjẹ, fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n bá ti fi gbé oògùn apakoríko tàbí apakòkòrò, bí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ má gbin ohun jíjẹ sínú rẹ̀. Tòmátì kì í fara da apakoríko rárá, ewé rẹ̀ á ká kò. Kẹ́ẹ̀gì òróró mọ́tò náà ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀.

Àdùkẹ́_Akóbọ̀

Ha, ẹ ṣé púpọ̀, orí mi ti wú. Kẹ́ẹ̀gì tèmi, òróró tí a fi ń din dòdò ló wà nínú rẹ̀, mo dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ iyẹ̀pẹ̀ ló kù. Ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò mi ni mo fẹ́ ti bù ú. Ó dúdú, ó rí lọ́ràá. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé òun gbin tòmátì síbẹ̀ rí, wọ́n sì kú nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ṣé kò sí wàhálà?

Ọ̀gá_Olùkọ́ni_Ọ̀yọ́

Àdùkẹ́, dúró ná! Má tíì bu iyẹ̀pẹ̀ yẹn. Béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ: báwo ni wọ́n ṣe kú? Ṣé ewé wọn kọ́kọ́ pọ́n, àbí wọ́n kàn rọ lójijì nígbà tí ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀?

Àdùkẹ́_Akóbọ̀

Mo ti bi í. Ó ní wọ́n kàn rọ ni. Láàárọ̀ wọ́n dúró, lọ́sàn-án wọ́n sùn, lọ́jọ́ kejì wọn ò jí mọ́. Ewé wọn tutù. Ó rò pé àwọn ọmọ ló da omi gbígbóná sí i.

Ọ̀gá_Olùkọ́ni_Ọ̀yọ́

Àwọn ọmọ kò mọ nǹkan kan. Ó jọ àrùn kan tí kòkòrò tí ojú kò lè rí ń fà, Ralstonia ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, á wá dí ibi tí omi ń gbà gòkè nínú igi. Ilẹ̀ gbígbóná tó sì lọ́rinrin ló fẹ́ràn, nítorí náà ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe tòmátì nìkan ló ń mú, ó ń mú ata, ó ń mú ìgbá náà. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí oògùn tí ẹ lè fín tí á wo igi tó bá ti mú.

Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀ lọ́jọ́ iwájú: ẹ gé igi tòmátì tó rọ náà nítòsí ilẹ̀, ẹ fi ojú ibi tí ẹ gé rì sínú gíláàsì omi tó mọ́ gaara, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá rí ohun funfun bíi wàrà tó ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òun nìyẹn. Tí kò bá yọ, ẹ wá ìdí mìíràn.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ike ju ilẹ̀ lọ fún tòmátì nìyí. Nínú ike, ìwọ lo yan iyẹ̀pẹ̀. Wá ibi tí wọn kò gbin ata, tòmátì tàbí ìgbá sí rí, abẹ́ igi ńlá dára. Agbọ̀n iyẹ̀pẹ̀ mẹ́ta, agbọ̀n ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa méjì, agbọ̀n yanrìn odò kan: àdàlù tí àwọn onínọ́sìrì mọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni. Fún ike, mo máa ń fi èèpo ìrẹsì díẹ̀ sí i kó má baà dì gbagidi. Tí ìgbẹ́ adìẹ náà bá ṣì ń gbóná tàbí tó ṣì ń rùn tó ń ta ojú, kò tíì jẹrà. Á jó gbòǹgbò.

Kọ́lá_Táyà

Eruku pákó láti sọ́ọ̀mìlì ńkọ́? Ó fúyẹ́, Ẹnjiníà ní kó ṣírò ìwúwo.

Ọ̀gá_Olùkọ́ni_Ọ̀yọ́

Èyí tó ti dúdú, tó ti wà nínú òjò fún ọ̀pọ̀ oṣù, bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tuntun tó pupa fẹ́ẹ́, rárá. Bó ṣe ń jẹrà ni á máa gba nàìtírójìn inú iyẹ̀pẹ̀, ewé á sì máa pọ́n láti ìsàlẹ̀ wá. Èyí sì mú mi dé orí ata Àdùkẹ́ tí ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń pọ́n: ebi ló ń pa á. Oúnjẹ tó wà nínú ihò kéréètì ti tán. Má tíì da ajílẹ̀ sí i níbẹ̀ o. Ṣí i sínú ọ̀rá bí Ìyá Nọ́sìrì ṣe wí, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ewé tuntun tó bá yọ á tutù. Èyí tó ti pọ́n kò ní padà.

Bàbá_Aláta_Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀gá, ẹ kú àlàyé. N óò fi kún un pé lẹ́yìn tó bá ti ṣí wọn, kó má gbé wọn sínú oòrùn lọ́jọ́ kejì. Kó fi màrìwò tàbí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣíji bò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin. Wọ́n á rọ díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kí àyà rẹ̀ má já. Ajílẹ̀ oníyọ̀, kó fi í sílẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ méjì á fi kọjá.

Àdùkẹ́_Akóbọ̀

Ẹ ṣé gan-an. Bí mo ṣe lóye rẹ̀ rèé, ẹ bá mi wò ó: tòmátì mẹ́ta tó dára jù lọ sínú ike ọ̀dà mẹ́ta nírọ̀lẹ́ Sátidé, kí n rì wọ́n jìn. Ata lọ sínú ọ̀rá píọ́ wọ́tà lónìí, mi ò ní ṣí i sínú ike ńlá títí gbòǹgbò rẹ̀ á fi yí ọ̀rá ká. Ihò sí ẹ̀gbẹ́ ike. Iyẹ̀pẹ̀ aládùúgbò, rárá. Tòmátì yòókù, mo ní bíi mẹ́jọ, kí ni kí n ṣe sí wọn? Èyí tó yọ òdòdó nínú kọ́ọ̀pù ńkọ́?

Sísì_Sùúrùlérè

Fi tọrẹ! Má gbìyànjú láti tọ́ mẹ́jọ sórí bálíkónì.

Ìyá_Nọ́sìrì_Ẹ̀pẹ́

Èyí tó yọ òdòdó, já òdòdó náà dànù kí o tó ṣí i. Ibi tó há ló jẹ́ kó fẹ́ sáré bímọ. Tí o bá fi òdòdó náà sílẹ̀, ọmọ ló máa lo agbára rẹ̀ fún, kò ní ta gbòǹgbò. Roma kì í ga púpọ̀, nítorí náà má já ẹ̀ka rẹ̀ dànù bí àwọn kan ṣe ń ṣe fún tòmátì tó ń fà lọ sókè. Ọ̀pá kan tó máa dì í mú ti tó. Ki ọ̀pá náà bọlẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá ṣí i, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù kan tí gbòǹgbò ti kún ibẹ̀.

Táíwò_Manchester

Èmi á ní kó má fi mẹ́ta tó dára jù nìkan sílẹ̀, kó pa ẹ̀kẹrin mọ́ sínú ike lítà 4. Bí ọ̀kan bá kú lẹ́yìn ṣíṣí, ó ti ní àrọ́pò. Kò ní so púpọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n á wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Sísì_Sùúrùlérè

Ìyẹn mọ́gbọ́n dání. Mo gbà.

Mọ́rẹ́nikẹ́_Abẹ́òkúta

Ẹ má bínú pé mo já wọlé, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni èèyàn ṣe ń ṣí ewédú? Mo gbin tèmi sínú kéréètì ẹyin náà, wọ́n ti fẹ́ hù.

Bàbá_Aláta_Ògbómọ̀ṣọ́

Ewédú kọ́, ọmọ mi. Ibi tí o bá máa ti já a jẹ ni kí o fọ́n ọn sí. Fọ́n ọn sínú àwọn ike lítà 4 yẹn tàbí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé, tó bá hù tó pọ̀ jù, fa díẹ̀ tu kí o fi se ọbẹ̀. Bí kóró rẹ̀ bá ń pẹ́ hù, di í sínú aṣọ, rì í sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí o tó fọ́n ọn. Ó le lára, ìyẹn ló ń jí i.

Ìyá_Nọ́sìrì_Ẹ̀pẹ́

Bẹ́ẹ̀ náà ni kùkúmbà, ẹ̀gúsí àti ugu. Ẹ gbìn wọ́n síbi tí wọ́n máa gbé. Tí ẹ bá ṣáà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wọn nínú nọ́sìrì, inú ọ̀rá ni, kí ẹ sì ṣí wọn nígbà tí wọ́n bá ṣì ní ewé kan sí méjì, láìjẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ tú.

Àdùkẹ́_Akóbọ̀

Mọ́rẹ́nikẹ́, tí o bá ń wá tòmátì, mo ní mẹ́rin tí mi ò ní àyè fún. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá sí Ìbàdàn lè wá mú un, mo ti dì wọ́n sínú ọ̀rá píọ́ wọ́tà.